Ìdì Ìwé Mẹ́ta Orí Tábìlì

Ọdún kejì sí ìgbà tí wọ́n ṣí afárá Pẹ̀ńsínẹ́mà fún ọkọ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi ò mọ nọ́ńbà ọdún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a ti bọ́ ìbòmú kòrónà kúrò lẹ́nu, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń fọn fèrè kọjá ní Agége, wọ́n sì ti fi ògiri àti irin gígùn dí ibi tí a máa ń gbà sọdá láti ìgbà tí mo ti wà ní ìyàwó tuntun. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo wa ń gùn. Ẹni tó bá jẹ́ ará Agége ti mọ ìgbà tí mò ń wí.

Nígbà yẹn, mò ń tọ́jú ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìkejà, ní òpópónà kan tó yà kúrò ní Allen. Rédíò ńlá kọ́. Yàrá mẹ́rin ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí báńkì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, tí mò ń nu tábìlì, tí mò ń fọ ife tíì, tí mo sì ń nu gíláàsì. Kí n tó débẹ̀, mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan ní Ìkejà kan náà. Òwú ni mò ń yà níbẹ̀. Wọ́n á da òwú oríṣiríṣi síwájú wa nínú agbọ̀n, a ó máa yà á: pupa sí pupa, ewé sí ewé, ìyeyè sí ìyeyè. Bí ẹnì kan bá fi ẹyọ òwú kan ṣoṣo ṣì í, aṣọ tí wọ́n fi odidi ọjọ́ hun ti bàjẹ́ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti kógbá sílé tipẹ́, táìlì ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbàgbé. Títí di òní, bí mo bá rí nǹkan aláwọ̀ mẹ́ta tó dàpọ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ àfi bí mo bá yà á.

Àwọn ọmọ mi ò fẹ́ kí n máa ṣe iṣẹ́ náà. Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n sì ń tọ́jú mi, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ wọn. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń pè mí. "Màámi, kí lẹ fẹ́?" Èmi náà á ní, "Mi ò fẹ́ nǹkan kan, ẹ̀mí gígùn yín ni mo fẹ́." Ni wọ́n á bá lọ ra ohun tí wọ́n rò. Wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n tó gba ògiri tán. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìlọta tí ariwo rẹ̀ lé ológbò mi sá lọ sílé aládùúgbò. Wọ́n ra àga onítìmùtìmù kan tó jẹ́ pé bí mo bá jókòó sínú rẹ̀, èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fà mí dìde. Mo dúpẹ́, mo ṣàdúrà, mo fi aṣọ bò wọ́n.

Ní rédíò yẹn, ètò kan wà tí wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ àdúgbò wa ní Yorùbá, láti Agége títí dé Maryland. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì ni. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ ni olórí ètò náà. Ọ̀gá Kékeré ni mo máa ń pè é. Èmi ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ nítorí ipò rẹ̀, òun náà ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ nítorí ewú orí mi, a sì ń bá ara wa lọ bẹ́ẹ̀. Ó lè múni rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń jókòó sórí tábìlì dípò àga. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, mò ń nu ilẹ̀kùn nígbà tí mo gbọ́ tí Ọ̀gá Àgbà, ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà, ń bá a wí.

"Àwọn èèyàn ò pe fóònù sí ètò yín mọ́. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹnì kankan ò dá yín lóhùn. Mo fún yín di ọjọ́ Jímọ̀. Bí ẹ ò bá rí ìtàn tó máa mú kí fóònù yẹn dún, orin ni màá fi sí àkókò yẹn láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀gá Kékeré ò sunkún níwájú rẹ̀. Ibi ìfọfe tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló wá, ó ṣí omi bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́, kò sì fọ ọwọ́ kankan.

"Màmá," ó ní, "nítorí ètò yìí ni mo ṣe fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀. Títí di òní bàbá mi ò tíì gbà pé orí mi pé. Bí wọ́n bá pa á, kí ni màá lọ sọ nílé?"

"Wọn ò ní pa á," mo wí. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a máa ń sọ fún ọmọ ẹni náà nìyẹn.

Nígbà tó di Tálátà, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá, ọkùnrin onírun dàda kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àwọn ilé iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ronú kan nǹkan tuntun. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ṣé wọ́n ń kọ́ni ní ìrònú ni? Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń pe iṣẹ́ náà, ahọ́n mi ò lè gbé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé tíì wọlé fún wọn, mo gbọ́ bó ṣe là á yé wọn ní Yorùbá, ó sì yé mi.

"Télọ̀ kì í gé aṣọ kó tó wọn ẹni tó ni ín," ó wí. "Àwa èèyàn máa ń jókòó sí ọ́fíìsì, a ó gé aṣọ tán, a ó wá máa wá ẹni tó máa bá mu. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn ẹni tí a fẹ́ rán an fún."

Àwọn márùn-ún tó ń ṣe ètò náà wà nínú yàrá ìpàdé, èyí tí ògiri rẹ̀ kan jẹ́ gíláàsì látòkè délẹ̀. Olùkọ́ yìí pín ìwé pélébé pélébé fún wọn, irú èyí tó ní gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ́yìn, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara nǹkan. Àwọ̀ mẹ́ta ni: ìyeyè, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àti àwọ̀ ewé. Ó ní kí kálukú máa kọ èrò rẹ̀, ẹyọ kan sórí ìwé kan, kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, kí wọ́n má ṣe dúró rò ó títí aago tó wà lórí fóònù rẹ̀ á fi dún. Ó ní èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fi èrò ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù wà láàárín wọn, aláwàdà ni. "Kódà bí mo bá kọ pé kí a fọ̀rọ̀ wá ewúrẹ́ Agége lẹ́nu wò?"

"Kọ ọ́."

"Ewúrẹ́ tó ń wọ kẹ̀kẹ́ láìsan owó?"

"Kọ ìyẹn náà. Ìwé pọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí mo fi da tíì sílẹ̀. Inú yàrá yẹn dùn lọ́jọ́ náà, ó dà bí ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń ṣeré lábẹ́ òjò. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, gíláàsì ti kún bámúbámú. Wọ́n tò ó, wọ́n tún un tò, èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ìyẹn lábẹ́ èyí. Láàárín gbogbo rẹ̀, wọ́n ya àwòrán obìnrin kan sórí ìwé ńlá, ó wé gèlè, ó jókòó sórí àga, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ta nìyí?" mo bi wọ́n.

"Ẹni tó ń gbọ́ wa ni, Màmá," Ọ̀gá Kékeré wí. "Ìyá àgbà kan ní Agége. Òun ni a fẹ́ wá ìtàn fún."

"Ó mà jókòó o," mo wí.

Ni wọ́n bá tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò fi ṣàwàdà. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, mi ò mọ ìyá àgbà kankan ní Agége tó jókòó.

Nígbà tó di òwúrọ̀ Àlàrùbá, èmi ni mo kọ́kọ́ dé bí ìṣe mi. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni Ọ̀gá Àgbà ti sọ fún mi pé àwọn àlejò kan ń bọ̀ ní Àlàrùbá, pé kí n rí i pé gíláàsì yàrá ìpàdé mọ́ gaara. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo rí ìwé ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi pupa kọ nǹkan sí. Mo wọlé. Atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ti fẹ́ díẹ̀ lára àwọn ìwé pélébé náà já bọ́ sílẹ̀, ó ku díẹ̀ kí n tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀. Mo ní, áà, wọ́n ti ṣe tán, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa bàbá tó bí mi. Onímọ̀ kéwú ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ló kọ́ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó fi kọ́ wa pé a kì í tẹ ìwé tí wọ́n kọ nǹkan sí mọ́lẹ̀, a kì í sì í dà á sí ààtàn, nítorí ẹni tí kò bá lè kà á kò lè mọ èyí tí orúkọ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi pa òfin yẹn mọ́. Nítorí náà mi ò da àwọn ìwé yẹn nù. Mo ṣí wọn kúrò lára gíláàsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ewé sí ewé, ìyeyè sí ìyeyè. Ọwọ́ mi ń lọ fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Mo tò wọ́n ní ìdì mẹ́ta sórí tábìlì, mo fi ife tíì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ wọ́n, mo sì gbé àwòrán obìnrin náà ti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ni mo fi omi ọṣẹ nu gíláàsì títí tí mo fi ń rí eyín mi nínú rẹ̀.

Ọ̀gá Kékeré ló kọ́kọ́ wọlé, akọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù tẹ̀lé e. Ó dúró gbagidi. Ó wo gíláàsì, ó wò mí, ó tún wo gíláàsì.

"Màmá. Ibo ni iṣẹ́ wa wà?"

"Iṣẹ́ wo, ọ̀gá mi?"

"Ìwé ara gíláàsì!"

"Wọ́n wà lórí tábìlì. Mo ti bá yín tò wọ́n." Mo tilẹ̀ ń yangàn.

"Mo gbé!" Akọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù káwọ́ lérí. "Màmá ti fi omi ọṣẹ fọ odidi ọjọ́ Tálátà dànù!"

"Màmá, ṣé ẹ ò rí ohun tí a kọ sẹ́nu ọ̀nà ni?" Ọ̀gá Kékeré ò pariwo. Ì bá sàn fún mi bó bá pariwo.

"Mo rí i."

"Kí lẹ rí?"

"Mo rí i pé ẹ kọ nǹkan."

Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan gíláàsì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé wọn, ó sì yé èmi náà pé ó ti yé wọn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mi ò mọ̀wé kà. Bí wọ́n bá fún mi ní ìwé pé kí n kà á, mo máa ń sọ pé mo gbàgbé awò ojú mi sílé. Mi ò ní awò ojú rí láyé mi.

Ọ̀gá Kékeré jókòó, sórí àga lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní bí wọ́n ṣe tò ó mọ́ra ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀, pé kò sẹ́ni tó lè rántí rẹ̀ mọ́, ọ̀túnla sì ni Jímọ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó sáré dìde, òun náà kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn kún un." Àwa méjèèjì wà lórí eékún nígbà tí olùkọ́ náà wọlé.

Ó wò wá. Ó wo gíláàsì. Lẹ́yìn náà ló rí ìdì mẹ́ta orí tábìlì, ó sì lọ dúró síwájú wọn pẹ́. Ìdì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nípọn bí ìlàjì búrẹ́dì Agége. Ti àwọ̀ ewé tó ìdajì rẹ̀. Ti ìyeyè, bí kì í bá ṣe ife tí mo gbé lé e, atẹ́gùn ì bá ti gbé e lọ.

"Ta ló tò ó báyìí?"

"Èmi ni," mo wí. "Ẹ má bínú. Òwú ni mò ń yà tẹ́lẹ̀."

"Ẹ̀yin èèyàn," ó yíjú sí àwọn tó kù, torí gbogbo wọn ti dé. "Ṣé ẹ rántí ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún?"

Ọ̀gá Kékeré ló dáhùn. Ó ní ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu èèyàn gan-an ló wà lórí ìyeyè. Ohun tí àwọn fúnra wọn rò pé èèyàn fẹ́ ló wà lórí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ìtàn tí wọ́n fẹ́ ṣe ló wà lórí àwọ̀ ewé.

"Ẹ ka ìyeyè."

Akọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù kà á. Kò pẹ́ rárá. "Mẹ́rin."

"Ta ló sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

Wọ́n ń wo ara wọn. "Méjì jẹ́ ti ìyá mi," Ọ̀gá Kékeré wí. "Ọ̀kan jẹ́ ti báábà tó ń gẹrun fún mi," akọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù wí. Nígbà tí wọ́n bi í ní ti ẹ̀kẹrin, ó fọwọ́ nu ẹnu. "Ewúrẹ́ ni."

Ẹ̀rín pa olùkọ́ náà, ó di tábìlì mú. Ó ní bí ó ṣe wà lára gíláàsì lánàá, tí gbogbo rẹ̀ dàpọ̀, ó kún, ó lẹ́wà, òun fúnra òun rò pé iṣẹ́ ti parí. Àfìgbà tí a yà á sọ́tọ̀.

"A ti gé aṣọ," Ọ̀gá Kékeré wí jẹ́ẹ́jẹ́. "A ò tíì wọn ẹnì kankan."

Ó fa àga kan fún mi. "Màmá, ẹ jókòó. Kí lẹ máa fẹ́ gbọ́ lórí rédíò wa?"

Mo dá a lóhùn bí mo ṣe ń dá àwọn ọmọ mi lóhùn. "Ohun tó bá ti wù yín náà ni. Ẹ̀ ń gbìyànjú, Ọlọ́run á túbọ̀ ràn yín lọ́wọ́."

Olùkọ́ mi orí. "Má bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́. Ìyá Yorùbá kì í sọ ohun tó fẹ́, àdúrà ló máa fi dá ẹ lóhùn. Bi wọ́n bí wọ́n ṣe lo àná, láti ìgbà tí wọ́n ti jí."

Ló bá bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Mo kọ́kọ́ wolẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo jí, mo kírun àsùbá, mo fi òrí pa orúnkún mi torí ó ti le bí igi. Mo gun afárá ẹlẹ́sẹ̀, mo wọ ọkọ̀, mo wá síbí, mo ṣiṣẹ́, mo ra ẹ̀fọ́ bí mo ṣe ń padà lọ. Nígbà tí mo máa dé ìdí afárá lẹ́ẹ̀kejì, aago márùn-ún ti kọjá. Ẹsẹ̀ àárọ̀ kọ́ ni ẹsẹ̀ ìrọ̀lẹ́. Àtẹ̀gùn ọ̀hún ga, ṣùgbọ́n ibi pẹrẹsẹ kan wà láàárín tó ti yí kọ́nà. Àwa arúgbó tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ máa ń dúró síbẹ̀ sinmi. Pálọ̀ la máa ń pè é.

"Pálọ̀?" Ọ̀gá Kékeré ti ń kọ ọ́ sórí ìwé aláwọ̀ ìyeyè.

"Pálọ̀ wa ni. Ìyá Ìjẹ̀bú kan máa ń mú tìmùtìmù kékeré nínú báàgì, a ó máa fi jókòó ní àyípo. Ìyá oníbúrẹ́dì kan máa ń há èyí tó ṣẹ́kù fún wa. Ẹni tí kò bá wá, a máa wádìí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyá Ìjẹ̀bú ló ní rédíò. Ètò yín la máa ń gbọ́."

Gbogbo wọn nà tọ́ọ́rọ́. "Ẹ̀ ń gbọ́ wa?"

"Lójoojúmọ́."

"Kí ló dé tí ẹ kì í pè, Màmá?"

"Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ka nọ́ńbà fóònù ni a máa ń dìde gun èyí tó kù, kí ilẹ̀ má ṣú. Bí ọwọ́ kan bá di irin mú, tí ìkejì di ẹrù mú, ọwọ́ wo la máa fi tẹ fóònù?"

Mo rí i tí Ọ̀gá Kékeré wo obìnrin inú àwòrán yẹn, èyí tó jókòó sórí àga tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ká a, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, wọ́n ti gba ohùn ètò ọjọ́ náà sílẹ̀ láti ọ̀sán, gbogbo wọn sì bá mi lọ sí Agége. Olùkọ́ ní kí wọ́n má mú ẹ̀rọ ìgbohùn kankan dání, etí nìkan ni kí wọ́n gbé lọ. Akọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù ní òun á bá ìyá oníbúrẹ́dì gbé ẹrù rẹ̀. Kí ó tó dé pálọ̀, ó ti di irin mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá Ìjẹ̀bú wò ó látòkè délẹ̀, ohùn rẹ̀ ló fi dá a mọ̀.

"Ìwọ lo máa ń sọ lórí rédíò pé àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ò lè sáré?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Èmi kọ́ ni kí o bẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ẹ o."

A rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ ojú irin fi kọjá lábẹ́ wa. Wọ́n jókòó tì wá, wọ́n bi kálukú bó ṣe lo àná, wọ́n sì gbọ́. Ìyá kan ní òun ti mọ àtẹ̀gùn tó máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀, òun sì máa ń dúró sin ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọjá. Mo ti bá a jókòó níbẹ̀ tipẹ́, èmi gan-an ò gbọ́ ọ rí. Ìwé ìyeyè tí wọ́n mú wá tán, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ọjọ́ Jímọ̀, láti pálọ̀ wa ni wọ́n ti ṣe ètò náà, fóònù ni Ọ̀gá Kékeré fi ń sọ̀rọ̀ sí ọ́fíìsì. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ ti òrí, mo sọ ti orúnkún, mo sọ ti pálọ̀. Àwọn yòókù sọ tiwọn. Kò ka nọ́ńbà ní ìparí bí ìṣe wọn. Ìgbà tí gbogbo wa ṣì jókòó ló kà á, ó kà á díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló bi àwọn tó ń gbọ́ pé, "Báwo lẹ ṣe lo àná? Ibo ni pálọ̀ tiyín wà?"

Ó dákẹ́. Mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn nínú rédíò ìyá Ìjẹ̀bú, mo sì bẹ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà fóònù ọ́fíìsì dún. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin kan ní Maryland, ó ní abẹ́ afárá ni pálọ̀ tòun, ibẹ̀ ni òun àti ẹnì kan tí òun ò mọ orúkọ rẹ̀ ti máa ń kí ara wọn láràárọ̀. Wọn ò tíì jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán tí òmíràn fi wọlé. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, wọ́n ṣì ń pè. Akọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù tó ń gba fóònù ní ọ́fíìsì ló ròyìn ìyókù fún mi ní Mọ́ńdè: ó ní Ọ̀gá Àgbà wọlé, ó dúró, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ń sọ nípa ẹ̀yìn ilé oníbúrẹ́dì tó ti máa ń yá iná nígbà òtútù, kò sì jáde mọ́ títí ó fi parí. Ó ní, "Ẹ máa ṣe é lọ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Èmi náà, nígbà tó rí mi, ohun tó sọ ni pé, "Màmá, gíláàsì Àlàrùbá yẹn mọ́ o."

Ètò náà wà níbẹ̀ dòní. Àtẹ̀gùn afárá ò kúrú sí i, ṣùgbọ́n káfíńtà kan tó gbọ́ wa kan bẹ́ńṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó gbé e wá sí pálọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì gan-an. Bí wọ́n bá ti lẹ ìwé mọ́ gíláàsì tán ní ọ́fíìsì, wọ́n á pè mí, "Màmá, ẹ wá bá wa ya òwú," màá yà á, a ó wo bí ìyeyè ṣe nípọn tó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ìtàn kankan. Bí wọn ò bá sì fẹ́ kí n fọwọ́ kan gíláàsì, wọn kì í kọ̀wé sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ọ̀gá Kékeré á ya àtẹ́lẹwọ́ kan, á fa ìlà lé e lórí. Ó yé mi kedere.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn gan-an, mi ò tíì délé tí àkọ́bí mi fi pè mí, òun tí kì í pè àfi ní Sọ́ńdè.

"Màámi, ṣé ẹ̀yin ni mo gbọ́ nínú mọ́tò? Orúnkún ń dùn yín? Ẹ ò sọ fún wa rí!"

"Ẹ ò bi mí rí," mo wí.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá. Wọ́n ti ń dámọ̀ràn láàárín ara wọn: èyí ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, èyí ní òun á ra ọ̀pá olówó ńlá, èyí ní kí wọ́n kó mi lọ sí Ìkòròdú tí kò sí afárá. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí aṣọ lórí tẹlifíṣọ̀n, mo ṣí ti ẹ̀rọ ìlọta, mo ṣí ti àga onítìmùtìmù, kí wọ́n lè rí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

"Ẹ wò ó," mo wí fún wọn, "gbogbo èyí jẹ́ ìfẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ẹ gé láìwọ̀n mí ni. Ẹ má bi mí ní ohun tí mo fẹ́ mọ́. Bí ẹ bá ti pè mí, ẹ bi mí bí mo ṣe lo àná, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ dé òpin, torí ó máa ń gùn. Ẹ máa bi ara yín bẹ́ẹ̀, ẹ máa bi ọkọ àti ìyàwó yín, ẹ máa bi àwọn ọmọ yín. Tèmi ti àná rèé: mo jí, mo kírun, mo fi òrí pa orúnkún, mo sì gun afárá lọ sí pálọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí bẹ́ńṣì tuntun dé, mo fẹ́ jókòó sórí rẹ̀."